Púpúrú Nínú Ọ̀rá Búrẹ́dì

Mo kórìíra kí ènìyàn máa gé èékánná ẹsẹ̀ lórí ẹní ẹlẹ́ní. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ṣe é lójú mi nílé àwọn tí a wá tọrọ ọmọ wọn, èékánná náà sì ń ta sí ẹ̀gbẹ́ abọ́ omi mímu. Nígbà tó gé e tán, ó fi ọwọ́ gbá a sí àárín pátákó ilẹ̀, ó sùn padà. Ara mi bù máṣọ.

Erékùṣù kékeré kan ni, ní ẹkùn Ìlàjẹ, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé pátákó sórí òpó lójú omi. Àwa mẹ́rin la lọ: èmi, àbúrò mi ọkùnrin tó fẹ́ gbéyàwó, ẹ̀gbọ́n bàbá wa láti Isikan ní Àkúrẹ́, tí a ń pè ní Bàbá, àti àbúrò ìyá wa láti ìlú Oǹdó, tí a ń pè ní Àǹtí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. A ní a ó kí àwọn àna, a ó sì padà lọ́jọ́ kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó gbé wa dákú, omi sì ń ru, wọ́n ní kí a ṣe sùúrù títí ọkọ̀ mìíràn yóò fi dé. Bí a ṣe di ẹrù sí ìyá ìyàwó lọ́rùn nìyẹn.

Àbúrò mi ti lé ní ogójì ọdún. Ó ti mú ọmọbìnrin méjì wálé rí, àwọn àgbà méjì yìí kan náà ló lé wọn. Wọ́n ní ìlú èkíní jìnnà, wọ́n ní èkejì kò mọ iyán gún. Ọmọ Ìlàjẹ yìí, nọ́ọ̀sì tí wọ́n jọ pàdé ní Àkúrẹ́, ló kù; ó ti ṣáájú wa lọ sílé ìyá rẹ̀. Nínú ọkọ̀ ojú omi, àbúrò mi rọra sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, bí èyí náà bá bàjẹ́, n kò wá ìyàwó mọ́ láyé mi."

Kò sí iṣẹ́ tí a lè ṣe níbẹ̀. Oòrùn á yọ, èéfín ẹja á gba gbogbo ilé, oòrùn á wọ̀. Bàbá á jí, á béèrè ọkọ̀, á na fóònù sókè lórí afárá pátákó láti wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì, á sì máa tu pákò sí ibi tí àwọn ènìyàn ń gbà kọjá. Àǹtí ní tirẹ̀ kì í sinmi fífi rọ́ọ̀bù sí ihò imú. "Òórùn ẹja ti wọ inú irun mi," ló ń wí, létí onílé. Ọwọ́ tó bá dilẹ̀ ni èṣù ń yá lò.

Opó ni ìyá ìyàwó, ẹja yíyan ló fi tọ́ ọmọ rẹ̀. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, púpúrú ló ń rò fún wa, ìyẹn ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ, tí wọ́n yan lórí èéfín, tí wọ́n wá rò bí ọkà, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja tútù. Mo jẹ tèmi, ó dùn. Bàbá wo tirẹ̀ bí ẹni wo òkú eku.

"Usu dà?" ló ń béèrè iṣu bí ará Àkúrẹ́. "Ulé tí kò sí usu, ulé kọ́."

Síbẹ̀, òfìfo ni abọ́ wọn ń padà sí yàrá ìdáná. Inú ìyá ìyàwó dùn. "Ẹ̀yin ará òkè mà mọ púpúrú jẹ o!" Ó ń fi kún tiwọn lójoojúmọ́, mo sì rí i pé òkèlè tirẹ̀ ń kéré sí i.

Ẹni tó bá mọ Àkúrẹ́ mọ̀ pé bí òjò bá ti ń rọ̀, ẹlòmíràn á gbé pàǹtí ilé rẹ̀ dà sí gọ́tà. Odò Àlà á gbé e lọ, kò sẹ́ni tó ń béèrè ibi tó gbé e dé. Ọgbọ́n yìí ni àwọn àgbà wa gbé lọ sí ẹ̀bá òkun. A ti ra búrẹ́dì púpọ̀ ní Oǹdó láti fi kí àna, inú ọ̀rá onílà pupa. Inú ọ̀rá wọ̀nyẹn, bí búrẹ́dì bá ti tán nínú wọn, ni wọ́n ń di púpúrú sí, wọ́n á so ó lẹ́nu, wọ́n á jù ú sómi tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Wọn kò mọ̀ pé omi ibẹ̀ kì í ṣe Àlà. Bó ṣe ń fà lọ náà ló ń kún padà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, omi kún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ń fọ ẹnu lórí afárá nígbà tí ìyá ìyàwó sọ̀ kalẹ̀ wá fọ ẹja. Ọ̀rá búrẹ́dì léfòó yí àtẹ̀gùn ká, onílà pupa, gbogbo èyí tí wọ́n ti ń jù láti ọjọ́ tí a ti dé. Ó fa ọ̀kan, ó tú u, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó wá ń kó wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n sórí pátákó.

Bàbá wúkọ́. "Ẹja la ń bọ́."

Àǹtí ń wo ojú ọ̀run. Ọmọbìnrin náà jáde, ó wo àwọn ọ̀rá náà, ó wo àbúrò mi.

"Èwo ni tìrẹ níbẹ̀?"

Kò sí tirẹ̀ níbẹ̀, mo mọ̀, torí ẹ̀gbẹ́ mi ló ti ń jẹun. Ṣùgbọ́n àbúrò mi kò ro ẹjọ́. Ó jókòó sórí pátákó, ó fọ ọwọ́, ó tú ọ̀rá tó tuntun jù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ púpúrú tútù náà láìsí ọbẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán. Ó tú èkejì. Ìyẹn ti kan, mo gbọ́ òórùn rẹ̀ níbi tí mo wà. Ó bu òkèlè.

Ìyá ìyàwó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ó tó, ọmọ mi. Ìwọ ni mo fún lọ́mọ." Kò wo àwa yòókù.

Ọkọ̀ dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. A kò tíì jìnnà sí èbúté tí Àǹtí fi fẹ̀yìn tì, tó ní, "A ṣáà rí ọmọ gbà." Mo kọ ẹ̀yìn sí i títí a fi gúnlẹ̀.

Wọ́n ti ṣègbéyàwó báyìí, Àkúrẹ́ ni wọ́n ń gbé. Púpúrú ni ìyàwó náà ń gbé fún mi bí mo bá yà síbẹ̀. Bí Bàbá bá dé, iyán ni, iyán funfun tó kúnná, kò sì gbé púpúrú síwájú rẹ̀ rí. Á gbé e kalẹ̀, á kúnlẹ̀ kí i, á wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa wò ó títí yóò fi jẹ òkèlè tó kẹ́yìn.