Wọ́n Ka Bàtà Lẹ́nu Ọ̀nà Mi

Bàbá onílé wa ní Padova, ní Ítálì, kì í ṣe èèyàn burúkú. Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ìyẹn, torí ohun tí mo máa sọ nípa wọn níwájú kò dùn létí. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, ìyàwó wọn ti kú, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí tiwa ni wọ́n ń gbé. Nígbà tí caldaia, ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná, bàjẹ́ nílé wa, àwọn fúnra wọn ló ra ẹ̀yà tí a fẹ́ pààrọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní kí wọ́n gbé e wá bá mi. Orúkọ wọn ló wà lórí ọjà náà, torí náà fóònù wọn ni ìròyìn rẹ̀ ń lọ.

Sátidé ló dé. Sátidé sì ni àwa obìnrin máa ń ṣe àsàláátù ní pálọ̀ mi, torí púpọ̀ nínú wa ló ń tún yàrá òtẹ́ẹ̀lì ṣe ní Sọ́ńdè. A pọ̀ lọ́jọ́ yẹn. A ti bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, torí ta ni yóò gbé bàtà gun ẹní tí a fi ń kírun? A ti forí kanlẹ̀ nígbà tí aago ilẹ̀kùn dún. Kò sẹ́ni tó dìde. Nígbà tí a ṣe tán, mo rí páálí kan láàárín bàtà, mo gbé e wọlé, mo sì gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Kò tó wákàtí kan tí bàbá onílé fi pè. Wọn ò kí mi. Wọ́n béèrè pé èèyàn mélòó ló ń sùn nínú ilé àwọn. Mo ní èmi nìkan ni, àti ọkọ mi tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìkẹ́rù ní Piacenza, tí kì í wálé àfi ìparí oṣù. Wọ́n ní irọ́ ni. Wọ́n fi fótò kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Awakọ̀ tó gbé ọjà wá ló ya páálí náà láti fi hàn pé òun ti jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán òun, gbogbo bàtà wa sì yí i ká. Bàbá ti kà wọ́n. Bàtà èèyàn méjìlá.

Láti ìgbà ọ̀rọ̀ Via Anelli, àdúgbò tí àjèjì kún débi tí ìjọba ìlú fi mọ odi sí i, ẹ̀rù kí àjèjì pọ̀ jù nínú ilé kan kì í tán lára àwọn onílé ìlú yìí. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ inú bí mi. Bàtà tí mo bọ́ torí Ọlọ́run ni wọ́n fi ń pè mí ní òpùrọ́.

Ṣùgbọ́n ìbínú kọ́ ni ìṣòro mi. Ọmọ mi kan ṣoṣo wà lọ́dọ̀ ìyá mi ní Ìwó, ọmọ ọdún márùn-ún ni mo fi í sílẹ̀, mo sì ń ṣe ìwé tí yóò fi wá bá wa níbí. Bí ọmọ kò bá tíì pé mẹ́rìnlá, ìwé kan tí onílé fọwọ́ sí pé òun gbà kó wá gbé ibẹ̀ ti tó. Bó bá pé mẹ́rìnlá, wàhálà mìíràn ni. Ó ku oṣù méjì péré kí tèmi pé e. Bàbá ti ṣèlérí pé àwọn yóò fọwọ́ sí i lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ fótò yẹn, wọ́n ní àwọn ò fọwọ́ sí nǹkan kan mọ́.

Mo sunkún, n kò ní parọ́. Nígbà tí mo sunkún tán, mo wá ẹni tí màá bá jà. Mo ṣọ́ awakọ̀ náà ládùúgbò wa títí mo fi rí i. Ará Moròkò ni, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun. Mo bi í pé ta ló fún un láṣẹ láti ya ẹnu ọ̀nà mi. Ó ní fóònù iṣẹ́ kì í jẹ́ kí òun kọjá sílé kejì bí òun ò bá ya fótò, pé wọ́n ti fẹ̀sùn olè kan òun rí, òun ò sì rí ẹni gba òun sílẹ̀.

“Fótò yẹn ni ẹlẹ́rìí mi, arábìnrin mi.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, n kò sì lè bú u mọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń lọ, mo ń rò ó pé ẹlẹ́rìí rẹ̀ ti lọ rojọ́ ohun tí kò mọ̀ nípa mi. Obìnrin tó ń bá wa ṣe ìwé ní patronato, ọ́fíìsì tó ń ran òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, ní mo lè kọ̀wé sí iléeṣẹ́ awakọ̀ náà kí wọ́n pa fótò náà rẹ́, pé ìdáhùn lè gba oṣù kan. Níbo ni mo ti fẹ́ rí oṣù kan?

Ọkọ mi ní kí n lọ bẹ bàbá. Mo ní n kò ní bẹ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ti ka bàtà, kó wá ka ẹlẹ́sẹ̀. Mo pè wọ́n, mo ní kí wọ́n wá ní Sátidé, lásìkò àsàláátù.

Wọ́n wá. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n èmi ni mo ṣílẹ̀kùn. Mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ bọ́ bàtà. Wọ́n wò mí títí, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, okùn bàtà sì ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ìyá tó dàgbà jù nínú wa gbé àga wá fún wọn. Nígbà tí bàtà kúrò, a rí i pé ìbọ̀sẹ̀ wọn ti lu, ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan yọ síta. Ojú tì wọ́n. Ìyá yẹn gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, gbogbo wa sì ṣe bíi ti ìyá náà.

Mo ṣí yàrá mi fún wọn, bẹ́ẹ̀dì kan ló wà níbẹ̀. Mo ṣí yàrá kékeré, bẹ́ẹ̀dì ọmọ mi wà níbẹ̀, ọ̀rá kò tíì kúrò lára rẹ̀. Wọ́n pẹ́ níwájú ìyẹn. Wọ́n ní àwọn rò pé... wọn ò parí rẹ̀.

“Bàbá, ilé yín ni, n kò jiyàn,” mo wí fún wọn. “Àmọ́ ẹni tó wá kí mi, àlejò tèmi ni. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, èmi ni kí ẹ bi.”

Wọ́n fi awò ojú wọn sójú, wọ́n fọwọ́ sí ìwé lórí tábìlì ìdáná, wọ́n sì pa fótò náà rẹ́ lójú mi. Wọ́n jẹ àkàrà mẹ́ta kí wọ́n tó lọ. Inú mi dùn débi pé n kò lè jẹ ẹyọ kan.

Ọmọ mi dé kí ọdún tó yí po. Ó ga jù mí lọ. Láàárín oṣù díẹ̀, èdè Ítálì ti kún ẹnu rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo kó aṣọ tí mo ti ká wọnú yàrá rẹ̀, kò tilẹ̀ yíjú.

“Mamma, bussa prima.”

Èmi ló ní kí n máa kan ilẹ̀kùn kí n tó wọlé. Mo ti lanu láti bi í pé ilé ta ló rò pé òun wà, mo wá gbọ́ bàbá onílé nínú ohùn ara mi. Mo kó aṣọ náà jáde, mo fa ilẹ̀kùn pa, mo sì kàn án.

Ó jẹ́ kí n dúró díẹ̀.

“Ẹ máa wọlé, mọ́mì.”