Àgùàlà Tí Kò Jẹ́ Kí N Dé Ìjerò

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí Ìkọ̀rọ̀-Èkìtì tiwa ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, kò sí iná mànàmáná ládùúgbò wa. Bí a bá ti jẹ iyán tán, tí a fọ àwo, iwájú ilé ni Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, máa ń kó wa jọ sí láti bó ẹ̀gúsí. Ẹni tó bá ju ẹ̀gúsí sẹ́nu dípò igbá, orí ìkúnlẹ̀ ni yóò ti bó ìyókù. Ibẹ̀ ni mo ti mọ àgùàlà, ìmọ́lẹ̀ ńlá tó máa ń wà nítòsí òṣùpá lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, tí àwa ọmọdé ń pè ní ajá òṣùpá.

Nígbà tí mo dé ìwé kẹfà, tíṣà wa ní òun yóò mú ẹnì kan lọ bá àwọn ilé ìwé mìíràn díje ní Ìjerò. Mọ́tò ni wọn yóò fi gbé onítọ̀hún lọ, wọn yóò sì fún un ní ìrẹsì ẹlẹ́ran. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi mọ ohun tí ìrẹsì jẹ́ nígbà náà lọ́jọ́ tí kì í ṣe Kérésì. Ó wá ku èmi àti Fúnmi, tíṣà sì ní ká dárúkọ ìràwọ̀ kan ṣoṣo.

Fúnmi ní, "Oòrùn ni, sà." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi wú bí búrẹ́dì, mo ní, "Àgùàlà ni, sà." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Tíṣà dúró títí ariwo fi rọlẹ̀, ó wá ní Fúnmi ló ń lọ. Ó ní ìràwọ̀ ni oòrùn, torí ó ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. Pílánẹ́ẹ̀tì ni àgùàlà, bí ayé tí a wà yìí. Òṣùpá sì ń yí ayé po ní tirẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni àwọn méjèèjì fi ń ṣe fáàrí.

Ẹkún ni mo sun délé. Mo rò pé Ìyá Àgbà yóò bá mi bú tíṣà. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, ó ní, "Jáde ní ulé, wá wo òkè." Ó ní kí n wo bí àwọn ìràwọ̀ ti ń ṣẹ́jú, kí n wá wo àgùàlà. Kò ṣẹ́jú rárá. "Tíṣà rẹ ò purọ́," ló wí. "Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni, àgùàlà kì í ṣe ajá òṣùpá." Ojú tì mí, torí ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ òwe náà lẹ́nu rẹ̀.

Lónìí, iná ti wà ní Ìkọ̀rọ̀, lọ́jọ́ tó bá wù ú. Ọmọ ọmọ mi, Tèmídayọ̀, ṣe ipò kìíní nínú irú ìdíje bẹ́ẹ̀, ó sì ka pílánẹ́ẹ̀tì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ fún mi láìmí. Inú mi dùn kọjá sísọ. Mo mú un jáde nírọ̀lẹ́, mo ní kó fi àgùàlà hàn mí. Ó wo ọ̀run títí, ó wá nawọ́ sí iná orí òpó tẹlifóònù. Láyé tiwa, a mọ̀ ọ́n lójú, a ò mọ irú ohun tó jẹ́. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí mọ irú ohun tó jẹ́, wọn ò mọ̀ ọ́n lójú. Mi ò rẹ́rìn-ín. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di orí rẹ̀ mú, mo rọra yí i sí ìwọ̀-oòrùn.