Ikùn Tó Ṣíwájú Àna Mi

Àkùkọ ò tíì kọ lẹ́ẹ̀kejì tí mo fi kúrò ní Àpòmù lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Mo gbé ike dòdò Ìkirè lé orí, mo gbé báàgì kọ́ èjìká, mo sì di fóònù mú bí ẹni di ọmọ tuntun mú. Kí n tó ti ilẹ̀kùn ni mo ti ya ojú ara mi nínú òkùnkùn, mo sì gbé e sórí sítétọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin tí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, àwòrán tàbí ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń gbé sójú fóònù ni, kí àwọn tó ní nọ́ńbà rẹ̀ lè máa wò ó. Tí ọjọ́ kan bá ti pé, á parẹ́ fúnra rẹ̀. Bísọ́lá ọmọ mi ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbé e sókè. Kò kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, èmi náà ò sì bèèrè.

Ohun tí mo sọ nínú òkùnkùn náà ni pé: "Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ọjà. Èmi Ìyá Bísọ́lá ń lọ sí Ìbàdàn lọ wo gọ́ọ̀fù pẹ̀lú àna mi. Ẹ bá mi ṣọ́ ìsọ̀." Ká má purọ́, Ìyá Ruka ni mo ń bá wí. Ata ló ń tà, ìsọ̀ rẹ̀ dojú kọ tèmi, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ wo sítétọ́ọ̀sì mi, kí n tó gbé ọwọ́ kúrò lára fóònù.

Bí ọ̀rọ̀ ìrìn àjò náà ṣe jẹ́ rèé. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ṣeun ló fẹ́ fẹ́ Bísọ́lá, Ìbàdàn ni àwọn méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́. A ti dá ọjọ́ tí ìdílé Ṣeun máa wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ nílé wa ní Àpòmù. Bàbá Ṣeun, ẹnjiníà tó ti fẹ̀yìn tì, wá pè mí lórí fóònù. Ó ní dòdò Ìkirè tí Ṣeun máa ń gbé wá fún òun ti wọ òun lẹ́wù, kí n gbé díẹ̀ wá sí pápá gọ́ọ̀fù tí òun ti ń ṣeré, ká lè rí ojú ara wa kí ọjọ́ tó pé. Mo fi nọ́ńbà rẹ̀ pamọ́, mo kọ "Àna Ìbàdàn" sí i. Àbúrò ọkọ mi olóògbé ni kò fara mọ́ ọn. Ó ní, "Ìyàwó wa, ṣé ìyá ìyàwó ni yóò máa gbé oúnjẹ tọ àna lọ? Àwọn ló ń wá, àwa là ń jókòó." Òótọ́ ló sọ. Àmọ́ n ò rí gọ́ọ̀fù rí láyé mi, ara mi ò sì gbà á.

Ọ̀kadà gbé mi dé Ìkirè. Ọkọ̀ Ìbàdàn ku èèyàn kan kó kún. Awakọ̀ wo ike mi, ó ní, "Màmá, ike yín náà máa sanwó o."

Mo ní, "Ṣé ike mi máa jókòó ni?"

"Òun ló ń ta sánsán jù nínú ọkọ̀ yìí, èrò pàtàkì ni."

Mo fún un ní dòdò méjì, ọ̀rọ̀ owó ike parí síbẹ̀. Ọ̀nà náà dán níbì kan, ó rí gbágungbàgun níbòmíràn. Ilẹ̀ ti mọ́ nígbà tí a dé Aṣéjìrẹ́. Ìkùukùu ṣì bo omi, àwọn ẹlẹ́ja sì ti ń na ẹja yíyan sí wa lójú fèrèsé. Mo ya ẹja, mo ya omi, mo ya etí awakọ̀ láti ẹ̀yìn.

Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ya etí mi. Ìyàwó mi rò pé Ifẹ̀ ni mo lọ."

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mo gbé etí náà sórí sítétọ́ọ̀sì. Bí mo ṣe gbádùn ara mi dé Ìbàdàn nìyẹn. Bísọ́lá pàdé mi nídìí ọkọ̀, ó bá mi gbé ike, ó di pápá gọ́ọ̀fù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí. Koríko ni. Ní ọ̀dọ̀ wa, ẹni tí koríko bá kún oko rẹ̀, ọ̀lẹ là ń pè é. Níbẹ̀, wọ́n gbin koríko, wọ́n bomi rin ín, wọ́n gé e mọ́lẹ̀ bí irun ọmọ iléèwé, wọn ò sì gbin ẹ̀gẹ́ kan péré sí i. Omi inú ike tí à ń rà ní igba náírà, ẹgbẹ̀rin ni wọ́n ń tà á. Mo rọra gbé ẹnu mi tó ti gbẹ kúrò níbẹ̀. Eré náà fúnra rẹ̀ ò ṣòro láti ṣàlàyé. Irin gígùn kan tí orí rẹ̀ tẹ̀ ni wọ́n fi ń lu bọ́ọ̀lù funfun kan tí kò ju dòdò mi lọ, tèmi dúdú, tiwọn funfun. Wọ́n á lù ú lọ jìnnà, wọ́n á fẹsẹ̀ rìn bá a, wọ́n á tún lù ú, títí yóò fi wọ ihò kékeré kan tí wọ́n ri àsíá mọ́. Ẹni tí lílù rẹ̀ bá kéré jù ló borí. Ẹni tó ń bá wọn ru àpò irin ni wọ́n ń pè ní kádì.

Bísọ́lá fi mí jókòó sórí àga oníke lábẹ́ igi kan, nítòsí ihò tó gbẹ̀yìn, ó ní òun fẹ́ lọ wá Ṣeun. Kò tíì jìnnà tí mo rí bàbá kan lọ́ọ̀ọ́kán. Fìlà funfun ló dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín nínú ṣòkòtò péńpé, ikùn rẹ̀ wá rí rọ̀bọ̀tọ̀ bí agbè ẹlẹ́mu. Ahọ́n bẹ̀rẹ̀ sí yún mi. Mo gbé fóònù sókè, mo ń ya fídíò, mo sì ń sọ̀rọ̀ sí i:

"Ẹ̀yin ará Àpòmù, ẹ wá wò ó! Ikùn bàbá yìí ti dé ìdí bọ́ọ̀lù, òun fúnra rẹ̀ ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Kò lè rí bọ́ọ̀lù tó ń lù, kádì ló ń júwe rẹ̀ fún un. Ẹni tó sá fún oko lọ́mọdé, ẹ wò ó bó ṣe ń fi irin ro koríko lágbà!"

Mo rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ara mi. Mo gbé e lọ sórí sítétọ́ọ̀sì.

Bísọ́lá dé pẹ̀lú ìwàǹwara. "Màmá, ẹ tún gèlè yín ṣe. Wọ́n ti ń bọ̀."

"Àwọn wo?"

"Bàbá Ṣeun ni. Àwọn ló dé fìlà funfun yẹn."

Mo wo fìlà. Mo wo ikùn. Mo tún wo gbogbo pápá bóyá ẹlòmíràn dé fìlà funfun. Kò sí. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù mi, nọ́ńbà mi wà lórí tirẹ̀. Tó bá ṣí fóònù báyìí, èmi ló máa bá níbẹ̀ tí mò ń fi í ṣẹ̀sín. Mi ò bá sọ fún Bísọ́lá pé kó bá mi pa á rẹ́, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ ná kó tó pa á rẹ́. Ojú tì mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ibí, mo ń tẹ ọ̀hún. Gbogbo ibi tí mo bá tẹ̀, ohùn ara mi ló ń bú jáde: "Ikùn bàbá yìí..." Mo bá jókòó lé fóònù náà lórí.

Ibẹ̀ ni bàbá ti na irin rẹ̀ láti òkèèrè. Bọ́ọ̀lù fò, ó balẹ̀ níwájú mi, ó ń yí bọ̀, ó ń yí bọ̀, ó dúró létí ihò. Gbogbo èèyàn kígbe.

Nílé wa, ohun àna ẹni kì í wà nílẹ̀ kéèyàn máa wò ó. Tí fìlà àna bá já bọ́, ìwọ lo máa gbé e. Tó bá fẹ́ mu omi, orí ìkúnlẹ̀ lo ti máa gbé e fún un. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bú àna mi tán, mo ń wá oore tí mo lè fi bò ó mọ́lẹ̀. Mo fò dìde, mo sáré lọ mú bọ́ọ̀lù náà, mo fi etí ìró mi nù ún dáadáa. Mo rí i tí wọ́n ń ju ọwọ́, tí kádì ń fò sókè. Mo rò pé wọ́n ń kí mi ni. Mo tún fi kún eré. Mo dé iwájú bàbá, mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i.

"Ẹ kú eré o, àna mi. Bọ́ọ̀lù yín rèé."

Bísọ́lá ti fi ọwọ́ bo ojú. Kádì gbé àpò sílẹ̀, ó ká ọwọ́ lérí. Ó ní, "Màmá! Bọ́ọ̀lù tó ti fẹ́ wọlé!"

Bàbá wo bọ́ọ̀lù, ó wo àsíá, ó wò mí. "Ẹ dìde, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù ọlọ́bọ́ọ̀lù lórí pápá. Láti ọjọ́ tí bàbá ti ń gbá a, kò lù ú láti ibi jíjìn bẹ́ẹ̀ kó sún mọ́ ihò tó yẹn rí. Wọ́n bèèrè ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Èmi tọ́ka síbì kan, kádì tọ́ka síbòmíràn. Bàbá gbé e sílẹ̀ láàárín, ó lù ú. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ihò kọjá. Ẹnì kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní bóyá epo dòdò ló wà lára rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

A jọ jókòó lábẹ́ igi, bàbá jẹ dòdò. Ó ní, "Ó dùn, Màmá. Ẹ ṣeun." Gbogbo ohun tó sọ ò ju ìyẹn lọ. Ọ̀wọ̀ yẹn ló pa mí. Ká ní ó bú mi ni, mo mọ èyí tí mi ò bá dá padà.

Nídìí ọkọ̀, mo bi Bísọ́lá pé, "Ṣé wọ́n á ṣì wá?"

Kò wojú mi. "Mi ò mọ̀, Màmá. Ṣeun ò tíì sọ nǹkan kan." Kò sì tíì mọ̀ nípa fídíò nígbà yẹn o. Bọ́ọ̀lù nìkan ló mọ̀.

Mi ò ya nǹkan kan nígbà tí mò ń bọ̀. A dé Aṣéjìrẹ́, oòrùn ń lọ sórí omi, ẹja wà, mi ò gbé ojú sókè. Fóònù mi dún. Ohùn Ìyá Ruka ni: "Ìyá Bísọ́lá, o ò ní pa mí! Ta ni bàbá oníkùn yẹn? Mo ti fi han Bàbá Ruka, ẹ̀rín ò jẹ́ kó jẹun." Nígbà tí mo wá wo ìsàlẹ̀ fídíò náà, níbi tí wọ́n ń to orúkọ àwọn tó ti wò ó sí, lábẹ́ orúkọ Ìyá Ruka ni mo ti rí i: Àna Ìbàdàn. Òtútù mú mi nínú ọkọ̀ tí gbogbo èrò ti ń làágùn.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí mo dé Àpòmù. Ìyá Ruka ti ń dúró dè mí nídìí ìsọ̀. "Ẹ káàbọ̀, ìyá ìyàwó! Àna wa ńkọ́? Àwòrán ẹja lo gbé wá fún wa, o gbé etí, o gbé oníkùn. Fi àna hàn wá ná."

Mo sọ ike òfìfo kalẹ̀. Mo ní, "Oníkùn yẹn ni."

Ìyá Ruka kó ata rẹ̀, ó bá mi tú gèlè mi, ó ní, "Lọ sùn, ọ̀rẹ́ mi."

Fídíò náà parẹ́ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, bí Bísọ́lá ṣe sọ pé yóò parẹ́, àmọ́ kò sí ẹni tó fẹ́ wò ó tí kò tíì wò ó. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo rí i tí Àna Ìbàdàn gbé nǹkan sórí sítétọ́ọ̀sì tirẹ̀. Mo ṣí i. Àwo kan ni, dòdò Ìkirè tó kù ló wà nínú rẹ̀, bọ́ọ̀lù funfun yẹn sì wà láàárín wọn. Ó kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Àna mi kúnlẹ̀ gbé e fún mi, mi ò tún ní lù ú mọ́. A ń bọ̀ ní Àpòmù lọ́jọ́ tí a dá. Ikùn ní kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn gbòòrò."

Mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín. Mo sáré jáde lọ fi han Ìyá Ruka, wọ́n ní ó ti lọ kí ìyá rẹ̀ ní Ìkirè-Ilé. Ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè ló dé, nǹkan náà ti parẹ́. Mo ṣàlàyé títí. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, mo gbà ọ́ gbọ́." Ojú rẹ̀ ò gbà mí gbọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ ọ́ sórí ìwé fún un, àti fún gbogbo ẹ̀yin tí ẹ bá mi rẹ́rìn-ín bàbá náà.

Ohun tí mo kọ́ lọ́nà Ìbàdàn ò pọ̀. Kí n tó ya ẹnikẹ́ni, kí n kọ́kọ́ bèèrè ẹni tó jẹ́. Ọjọ́ tí a dá ti sún mọ́lé. Mo ti mọ ibi tí n ó kúnlẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn wa ò fẹ̀, ikùn yẹn ló máa kọ́kọ́ wọlé, n ò sì tíì mọ ibi tí n ó máa wò.