Ojú Ewé Tó Bá Ẹ̀pà Lọ

Òórùn ẹ̀pà ló fa ọ̀rọ̀ yìí jáde. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó sí iwájú ilé wa ní Bẹyẹrúnká n'Ìbàdàn, ẹnìkan ń yan ẹ̀pà ní ẹ̀yìnkùlé kan tí n kò rí. Mò ń gbọ́ iyanrìn gbígbóná tó ń dún gàràgàrà nínú agbada, òórùn náà sì wá bá mi níbi tí mo jókòó sí láì kí mi. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, inú ìgò lẹ ti ń ra ẹ̀pà tiyín, wọ́n ti bó o, wọ́n ti fẹ́ ẹ, ó mọ́ tónítóní. Láyé tiwa, inú ìwé ni ẹ̀pà ń wọ̀, iyanrìn díẹ̀ á sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kí eyín lè rí iṣẹ́ ṣe. Mo fa òórùn náà símú, mo sì ń retí kí nǹkan kan ṣe mí. Kò sí ohun tó ṣe mí. Ọkàn mi dà bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé títí tó fi kú: ó wà níbẹ̀, mo mọ̀ pé tèmi ni, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ ọ́n lára.

Àdùkẹ́, ọmọ ọmọ mi, ló jókòó tì mí, ó ń ya àwòrán lórí tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Iṣẹ́ tó kọ́ nìyẹn, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe ìwé àwòrán fún àwọn ọ̀dọ́. Ó ní àwọn fẹ́ mú akọni ayé àtijọ́ kan, irú àwọn tó ń fò lójú ọ̀run nínú ìwé òyìnbó, kí àwọn sì tún ibi tó ti wá sọ.

“Màámà, gbogbo èèyàn ló ti mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀,” ló wí. “Ó ti sú wọn. Àwa fẹ́ fún un ní ìbẹ̀rẹ̀ tuntun.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní iṣẹ́ yẹn ti pẹ́ láyé, a ti ṣe é nínú agbo ilé yìí kí wọ́n tó bí ìyá rẹ̀, ọmọbìnrin méjì, bírò kan. Ó gbé ojú sókè. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé mo ti gbẹ́nu lé ohun tí n kò ní lè gbé sílẹ̀ mọ́.

Ọ̀rẹ́ mi ni Sìkírá. Ọdún mẹ́wàá ni mo fojú bù wá nígbà náà. Ìyá ìyá rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Ẹlẹ́pà, ló ń tọ́ ọ. Ayálégbé ni wọ́n lọ́dọ̀ wa, yàrá kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Ìyá Sìkírá ti bá ọkọ mìíràn lọ sí Jọ́ọ̀sì, ní ti bàbá rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń dárúkọ ẹ̀. Ọjà'ba ni Ìyá Ẹlẹ́pà ń pàtẹ sí, wọ́n a sì máa ra ìwé àlòkù ní òkìtì-òkìtì láti fi pọ́n ẹ̀pà: ìwé ìròyìn, ìwé ọ́fíìsì, ìwé ìdánwò àwọn ọmọ iléèwé. Èmi gan-an ti jẹ ẹ̀pà rí nínú ìwé ìṣirò ọmọ kan tó gba òdo. Inú mi dùn pé kì í ṣe tèmi.

Inú òkìtì bẹ́ẹ̀ ni Sìkírá ti fa ìwé àwòrán òyìnbó kan yọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ẹ̀pa kò bóró mọ́, torí pé ìyá rẹ̀ àgbà ti ya ojú ewé mélòó kan níwájú rẹ̀, wọ́n ti fi pọ́n ẹ̀pà, àwọn oníbàárà sì ti gbé e lọ. Ojú ewé tó kù fún wa, ọkùnrin náà ti wà lókè téńté, ó ń fò. Ó wọ ẹ̀wù pupa, ó fi aṣọ bojú, aṣọ mìíràn tún ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ bí ọ̀já tí ọmọ já bọ́ nínú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì wa kò tó Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé náà. A kò mọ orúkọ rẹ̀, a kò mọ ibi tó ti wá, a kò mọ ẹni tó fún un lágbára. Ẹnìkan ní Ìbàdàn ti jẹ ẹ̀pà tán nínú ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì ti jù ú nù.

A sọ ọ́ ní Jagun. Àṣìṣe wa nìyẹn, àṣìṣe ọmọ Ìbàdàn. Ẹni tó bá mọ ìlú yìí mọ̀ pé èèyàn kì í ṣàdéédé jẹ oyè Jagun. Ó ní láti kọ́kọ́ jẹ Mọ́gàjí, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè jẹ Mọ́gàjí láì ní agbo ilé tó ń ṣe olórí fún. Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ́yìn yọ nìyẹn. Bí ọkùnrin náà ṣe ń fò kò yọ ọmọ kankan lẹ́nu nínú agbo ilé wa, ohun tí wọ́n ń bi wá ni pé, “Ọmọ ilé wo ni?” Ọ̀kan ní Ìdí Àrẹ̀rẹ̀ ni, torí pé èrò ibẹ̀ pọ̀ jù, ẹni tó bá fẹ́ tètè kọjá gbọ́dọ̀ gba òkè. Ọ̀kan ní rárá o, Ògùnpa ni, pé ẹni tó bá ń gbé létí odò yẹn, tí kò mọ fífò, kí òjò má bá a nílé. Bàbá mi, tó jẹ́ aránṣọ ní Gbági, gba ìwé náà lọ́wọ́ wa, ó wò ó títí, ó ní kò sí aránṣọ gidi kan tó máa gé ọrùn ẹ̀wù báyẹn.

Sìkírá kò dá sí i. Ìbéèrè yẹn kì í ṣe eré lọ́dọ̀ tiẹ̀. Gbogbo àlejò tó bá wọ agbo ilé ló ń nawọ́ sí i pé, “Ọmọ ilé wo rèé?” Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń ya ojú ewé tuntun síwájú ìwé náà, lórí ìwé ìkọ̀wé mi, pẹ̀lú bírò mi. Ọwọ́ rẹ̀ dára. Bó bá ya ewúrẹ́, èèyàn á fẹ́ lé e kúrò nídìí iṣu.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti Iléyá fún yín kí ẹ tó lè mọ ohun tí mo ṣe. Màlúù kan ni agbo ilé wa ń dá pa lọ́dọọdún. Mọ́gàjí á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á pe ojúlé kọ̀ọ̀kan, bàbá á dáhùn, àwọn ọmọ rẹ̀ á sì gbé abọ́ wọn síwájú. Abọ́ kan, ọmọ kan. Ayálégbé kì í gbé abọ́ wá. Ṣùgbọ́n bàbá mi, tó bí ọmọ márùn-ún, máa ń sọ láì mú ojú kúrò nílẹ̀ pé, “Ọmọ mẹ́fà,” Sìkírá á sì gbé abọ́ tánganran rẹ̀ tó ti bó létí sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Kò sẹ́ni tó bi bàbá mi. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún nìyẹn, tí Sìkírá ń jẹ́ ọmọ ilé kan. Láti oṣù Ààwẹ̀ ló ti máa ń fi iyanrìn fọ abọ́ náà.

Ní ọjọ́ kan tí Iléyá ti ń sún mọ́lé, bàbá mi rí bí Sìkírá ṣe ya etí aṣọ Jagun, pẹ̀lú ojú abẹ́rẹ́ kéékèèké tó tò lé ara wọn. Ó mi orí. “Ọmọ yìí lójú,” ló wí. “Òun ló yẹ kí n bí.” Àwàdà ni. Ó ti gbàgbé kó tó dé ìdí ẹ̀rọ rẹ̀. Èmi kò gbàgbé. Ó dùn mí wọ egungun, mo jẹ́wọ́ rẹ̀ fún yín. Mo jókòó, mo ya ìbẹ̀rẹ̀ tèmi fún Jagun. Àwòrán mi kò dára, ṣùgbọ́n ó yé èèyàn: ọmọ ọwọ́ kan lábẹ́ àtẹ ẹ̀pà lọ́jà, ìyá rẹ̀ kọ ẹ̀yìn, ó ń lọ. Mo fi han àwọn ọmọ agbo ilé. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti sọ Sìkírá ní Abẹ́-Àtẹ.

Kò bá mi jà. Ì bá sàn kó bá mi jà. Ó kàn dá bírò mi padà, ó ti fi ìdérí rẹ̀ dé e dáadáa.

Lọ́jọ́ Iléyá, wọ́n pe ojúlé wa. Bàbá mi ní, “Ọmọ mẹ́fà.” Abọ́ márùn-ún ló wà nílẹ̀. Mọ́gàjí wo ilẹ̀, wọ́n ní, “Ẹ̀kẹfà dà?” Bàbá mi yíjú sí mi: “Sìkírá dà?” Gbogbo agbo ilé ń wo ẹnu mi. Ohun tí mo lè sọ pọ̀. Mo lè ní ó ń bọ̀. Mo lè sáré lọ pè é.

Mo ní, “Kì í ṣe ọmọ ilé wa.”

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Mọ́gàjí ní ọmọdé kì í purọ́, wọ́n sì pe ojúlé tó kàn. Ohun tí gbogbo èèyàn ti ń mọ̀ tí wọ́n ń gbójú kúrò lára rẹ̀, èmi ni mo gbé e sí gbangba, kò sì sí bí bàbá mi ṣe lè gbé e padà. Kò nà mí. Ó bo ẹran tirẹ̀, ó ní kí n gbé e lọ fún Ìyá Ẹlẹ́pà. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wò ó, wọ́n dá a padà. “Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ,” ni wọ́n wí. “Sọ fún wọn pé a ti jẹun.” N kò rí Sìkírá lẹ́yìn wọn.

Kò pẹ́ tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Jọ́ọ̀sì, àwọn méjèèjì sì kó ẹrù wọn. Iléèwé ni mo wà. Nígbà tí mo dé, Ìyá Ẹlẹ́pà nìkan ló kù lẹ́nu géètì, wọ́n ń so agbada wọn mọ́ ẹrù, Sìkírá ti lọ jókòó sínú ọkọ̀ ní Bẹẹrẹ. Wọ́n na ìwé Jagun sí mi. “Ó ní kí n fún ẹ. Inú yàrá ló ti jókòó fi pẹ́ńsùlù yà á lọ́jọ́ Iléyá.” Ó ti fi òwú dúdú rán ojú ewé tuntun mọ́ iwájú rẹ̀. Mo ṣí i. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ni. Mọ́gàjí jókòó, àwọn ọmọ gbé abọ́, ọmọ kékeré kan dúró lẹ́yìn láì ní abọ́, tó so aṣọ mọ́ ọrùn bíi ti Jagun. Mọ́gàjí ń bèèrè pé ta ni. Ọmọbìnrin kan tó di ṣùkú, irú ṣùkú tí màmá mi máa ń di fún mi, nawọ́ sí i, ó ní, “Ọmọ ilé wa ni.” Lójú ewé tó tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ ọmọ náà ti kúrò nílẹ̀.

Yàrá wọn kò jìnnà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bóyá ó yà á kó tó gbọ́ mi ni, bóyá lẹ́yìn tó gbọ́ ni, n kò mọ̀. N kò tún gbúròó rẹ̀ mọ́. N kò sunkún lọ́jọ́ náà, n kò sì tíì sunkún rẹ̀ dòní. Ibẹ̀ ti kú lára mi.

Lọ́jọ́ òórùn ẹ̀pà yẹn, mo dìde, mo lọ mú páànù bisikíìtì tí mo ń kó abẹ́rẹ́ àti òwú sí, mo yọ ìwé náà fún Àdùkẹ́. Ó ṣí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó pẹ́ lórí ojú ewé àkọ́kọ́ yẹn.

“Màámà, ẹ̀yin lẹ di ṣùkú yìí?”

“Èmi ni.”

“Ohun tí ẹ sọ nìyí?”

Mo wá sọ ohun tí mo sọ lọ́jọ́ Iléyá fún un. Kò sẹ́ni tí mo sọ ọ́ fún rí, ọkọ mi, bàbá àgbà Àdùkẹ́, kò gbọ́ ọ títí wọ́n fi kú. Àdùkẹ́ pa ìwé náà dé. Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá òun lè lo ìbẹ̀rẹ̀ náà, àti pé èwo ni kí òun fi sẹ́nu ọmọbìnrin náà, ti Sìkírá ni àbí tèmi.

“Ti Sìkírá ni kó o kọ,” ni mo wí. “Ṣùgbọ́n má ya ojú mi síbẹ̀.”

Agbo ilé wa kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ṣọ́ọ̀bù ti jẹ iwájú rẹ̀, wọ́n ti dí kànga, yàrá Ìyá Ẹlẹ́pà ti di ibi tí wọ́n ń tún fóònù ṣe. A ṣì ń dá màlúù pa, inú ọ̀rá ni ẹran ń wọ̀, kò sí abọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń pe ojúlé, àlejò tó bá wọlé ṣì ń nawọ́ sí ọmọ pé ọmọ ilé wo ni. Ẹ̀yin ọmọ, bí wọ́n bá bi yín nípa ẹlòmíràn, ẹ má jẹ́ kí ẹnu yín yá ju bó ti yẹ lọ.

Lánàá, Àdùkẹ́ gbé iṣẹ́ náà wá fún mi wò. Ó dára. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà níbẹ̀, abọ́ wà níbẹ̀, ó ya èyí tó bó létí. Ṣùkú wà lórí ọmọbìnrin náà, ọ̀rọ̀ Sìkírá wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ojú, kò ní imú, ibẹ̀ funfun báláú. Ó ní òun kò lè fi ojú ẹlòmíràn sí i. Ó ní òun á fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ tí mo bá ní kí òun ya ojú tèmi síbẹ̀.

N kò tíì sọ fún un.