Ọ̀rọ̀ Kan Tó Ń Jẹ́ Ẹsẹ̀

Kí n tó jáde lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà ni màmá mi ti ní, "Ẹsẹ̀ ń dùn mí o." Ilé mi ní Alibon, ní London, ni wọ́n ń gbé láti ìgbà tí mo ti mú wọn wá láti Ìjẹ̀bú. Mo kí wọn pẹ̀lẹ́, mo fi nọ́ńbà mi sílẹ̀ fún dókítà pé èmi ni kó pè torí màmá mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, mo sì sáré wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Creekmouth níbi tí mo ti ń di ẹrù.

Ọ̀sán ni dókítà pè. Ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù ń pariwo, ọ̀gá mi ń wò mí bí ẹni ń wo olè.

"Leg ni àbí foot?" ni dókítà bi mí.

N kò mọ̀. Lédè wa, láti ìdí itan títí dé ọmọńdinrín, ẹsẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ó yẹ kí n ní kó dúró, kí n pe màmá mi, kí n bi wọ́n pé ibo gan-an. Mo rántí pé àwọn ọmọ ìjọ Aládùúrà bíi tiwọn kì í wọ bàtà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, mo bá rò ó pé ilẹ̀ tútù ló fà á.

"Foot ni," mo dáhùn.

Ó ní kí wọ́n ra bàtà tó rọ̀, kí wọ́n sì lo oògùn ara ríro.

Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, màmá mi ò lè mí dáadáa mọ́. Ọsibítù ni wọ́n ti sọ fún wa pé ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú ẹran ẹ̀yìn ojúgun wọn, ó sì ti gba inú iṣan gòkè dé ẹ̀dọ̀fóró. Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Nígbà tí wọ́n tún lè sọ̀rọ̀, dókítà ibẹ̀ ní kí n wá ṣe ògbufọ̀. Màmá mi mirí. Wọ́n yíjú sí nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ Yorùbá.

"Jọ̀ọ́, ìwọ ni kó o bá mi sọ ọ́. Ọmọ mi ò gbọ́ Yorùbá."

Ìṣojú mi ni wọ́n ti sọ ọ́. Èmi tí mo máa ń fọ́nnu pé kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè tó mi nínú ẹgbẹ́ wa.

Ará Romania kan tí a jọ ń di ẹrù ní bẹ́ẹ̀ náà lọ̀rọ̀ rí lọ́dọ̀ tiwọn: picior ni wọ́n ń pe gbogbo rẹ̀. Ó ní ẹsẹ̀ kékeré lọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí láyé àtijọ́, kó tó di pé ó gùn dé itan. Ará Ìgbò tó wà láàárín wa ní ụkwụ ni tiwọn, òkè àti ìsàlẹ̀. Wọ́n rò pé àwọn ń tù mí nínú. Inú bí mi sí wọn. Kò sí èdè kankan tó di ẹnu mi pé kí n má béèrè.

Màmá mi padà sílé ní Ìjẹ̀bú nígbà tí ara wọn yá. Tí mo bá pè wọ́n, wọ́n á béèrè àwọn ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì gbé fóònù fún àbúrò wọn pé kó máa bá mi sọ̀rọ̀.