Àáró Lẹ́tà

Bí ọ̀gá ará Ẹtiópíà tó jókòó tì mí ní ọ́fíìsì wa ní àdúgbò Uptown lókè òkun bá ń ronú, ìka wọn á máa ya lẹ́tà èdè wọn kan sórí tábìlì. Kọ̀ǹpútà ò mọ lẹ́tà náà; àpótí òfìfo ló ń gbé jáde, bó ṣe ń ṣe sí lẹ́tà tó ní àmì nínú orúkọ tèmi náà. Mo ní ká ṣe àáró bíi àgbẹ̀: ká jọ tún tiwọn ṣe lórí kọ̀ǹpútà, ká wá jọ tún tèmi ṣe. Látìgbà náà, "Àáró!" ni wọ́n fi ń kí mi.

Gbogbo Saturday la fi ṣe é, títí kọ̀ǹpútà fi gba lẹ́tà wọn wọlé. Nígbà tó kan oko tèmi, wọn ò gbójú sókè. "Brother, tìẹ ṣáà ṣeé kà."

Lánàá, wọ́n fún mi ní káàdì ọdún tuntun tí wọ́n fúnra wọn tẹ̀. Lẹ́tà wọn hàn gedegbe. Orúkọ mi wà lábẹ́ ẹ̀, àpótí òfìfo láàrin.

Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi: "Àáró!"