Ilé Tí Mo Fi Pamọ́ fún Ìyá Mi

Ní Douala, bí o bá sọ irú òrùlé tó wà lórí rẹ fún mi, màá sọ irú ẹni tí o jẹ́ fún ọ. Bonapriso ni àwọn ilé tí ògiri wọn ga wà, tí o kò fi ní mọ̀ bóyá ènìyàn ló ń gbé ibẹ̀ ni àbí ajá nìkan. Olówó ló ni ilé, mẹ́gádì ló ń gbé e. Olówó wà ní Yúróòpù tí òtútù ń pa á, mẹ́gádì ń na ẹsẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò rẹ̀. Ní Akwa, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ló wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ tó yẹ kó máa gbé wọn gòkè ti kú tipẹ́, wọ́n á fi kóòtù gun àjà márùn-ún, èémí wọn á ti tán, wọn kò ní lè kí ẹnikẹ́ni, àwa a ní wọ́n ń gbéra ga.

Ó tún ku yàrá kan tó ní ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbẹ́ nínú, tí wọ́n ń pè ní ṣáńbù mọ̀dẹ́ẹ̀nì. Àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́ ló ń gbà á, tẹlifíṣọ̀n wọn a sì máa fẹ̀ ju ilẹ̀kùn wọn lọ. Ilé pákó, kàràbóòtù, jẹ́ ti àwa tó kù. Nínú kàràbóòtù, bí ọkọ rẹ bá ń purọ́ fún ọ, aládùúgbò á ti rẹ́rìn-ín kí ìwọ tó mọ̀ pé irọ́ ni.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni èmi àti ọkọ mi ti wà nínú kàràbóòtù kan ní New Bell. Ike ni mò ń tà ní ọjà Marché Central: abọ́, korobá, kẹ́tùlù àlùwàlá. Àmọ́ àwa Yorùbá ibí ní irú ilé kan sí i tí àwọn onílẹ̀ máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀: ilé tí a kọ́ sílé tí a kì í gbé. Bí o bá rí ẹnì kan nínú wa tí omi ń wọlé bá lórí ibùsùn, má bá a kẹ́dùn, ó ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nílùú rẹ̀. Tèmi ní yàrá mẹ́jọ, òpó mẹ́rin níwájú, òrùlé pupa. Láti ọjọ́ tí mo ti kọ́ ọ, mi ò tíì sùn nínú rẹ̀ tó ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyá mi nìkan ló ń gbé e, lókè pátápátá, torí mo ní wọn kò gbọdọ̀ rí ìyá mi nísàlẹ̀.

Àtẹ̀gùn ilé náà ló gbé e ṣubú. Ilẹ̀ ló wà láti ìdájí títí oòrùn fi wọ̀ kí ẹnì kan tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Èmi ni ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún un. Mo ní ó parí, Douala ni yóò máa gbé. Ó ní òun á wá wò ó ná. Bí ilé mi bá tẹ́ òun lọ́rùn, òun á dúró. Bí kò bá tẹ́ òun lọ́rùn, òun á padà sí tòun.

Bí ó bá padà, àtẹ̀gùn yẹn á parí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, láti ọjọ́ tí mo ti dé Douala, lórí fóònù, ilé oníbíríkì ni mò ń gbé.

Mo sáré gba ṣáńbù mọ̀dẹ́ẹ̀nì kan ní Yassa, lójú ọ̀nà Yaoundé. Ọkọ mi ní òun kò bá mi lọ́wọ́ sí i, ó jókòó sí New Bell tirẹ̀. Mo sọ fún ìyá mi pé ó rìnrìn àjò ọjà.

Ìyá mi dé. Ó wo ilẹ̀ tó ń dán, ó fọwọ́ kan ògiri, ó ní, “Ilé yìí mọ́ o.” Ẹni tó bá mọ ìyá mi mọ̀ pé kì í ṣe ìyìn nìyẹn. Ó gbé ìkòkò sókè wo ìdí rẹ̀, ó bi mí pé ta ló ń bá mi fọ̀ ọ́. Nígbà tó rí i pé ilẹ̀kùn ilé ìgbẹ́ kọjú sí ibi tí a ti ń dáná, ó fi ọ̀pá rẹ̀ tì í pa. Mo ní bí ayé òde òní ṣe rí nìyẹn. Ó ní ajá pàápàá, bí ó bá fẹ́ yàgbẹ́, á kọ́kọ́ rìn kúrò nídìí oúnjẹ.

Kò jẹun nínú yàrá náà mọ́. Ojú ọ̀nà àbáwọlé ló gbé àga sí. Onílé, obìnrin kan tó ga bí òpó iná, wá fi Faransé bá a jà pé ibẹ̀ kì í ṣe ilé oúnjẹ. Ìyá mi kò gbọ́ ẹyọ kan. Ó na abọ́ rẹ̀ sí i, ó ní kó wá bá òun jẹ. Láràárọ̀ ni ó ń kí àwọn ará ilé, láràárọ̀ ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn. Ní ọjọ́ kẹta, ó bi mí bóyá wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ ni.

Ní ọjọ́ karùn-ún, mo ti ọjà dé ní ọ̀sán, mi ò bá ìyá mi nílé. Ọ̀pá rẹ̀ náà kò sí. Ọkùnrin tó ń ta búrẹ́dì ní òdìkejì ní òun rí ìyá àgbà kan tó gun bẹ́ńsíkìn, ọ̀kadà wọn níbí, tó ń fi ọ̀pá nàka bí ọ̀gá ológun. Ìyá tí mo ní kò lè gun àtẹ̀gùn! Mo pe ọkọ mi. Kí n tó sọ̀rọ̀ ló ti ń rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n máa bọ̀ ní New Bell, àṣírí ti dé síwájú mi.

Bí ìyá mi ṣe ṣe é nìyí: ó sọ fún ọlọ́kadà pé “Nàìjíríà” àti “mọ́ṣáláṣí”, ìyẹn gbé e lọ síbi tí àwọn Yorùbá ti ń kírun. Ó ní òun ń wá ọmọ òun tó ń ta ike, tí ẹnu rẹ̀ mú. Wọn kò tilẹ̀ bi í ní ìbéèrè kejì, wọ́n mú un wá sílé wa.

Mo bá a níwájú kàràbóòtù, lórí àpótí, tí aládùúgbò mi, obìnrin ẹ̀yà Bamiléké tó ń dín àkàrà, ń fi àdín pa á lórúnkún. Àwọn méjèèjì kò gbọ́ èdè ara wọn, wọ́n sì ti sọ̀rọ̀ mi tán. Mo kúnlẹ̀. Ó jẹ́ kí n wà lórí ìkúnlẹ̀ dáadáa.

“Ọdún mélòó lo ti ń gbé inú pákó yìí?”

“Mọ́kàndínlógún, Màmá.”

“Ìwọ ń gbé ibi tí èèyàn wà, o wá gbé èmi lọ sókè níbi tí kò sẹ́nìkan. Kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́?”

Mo ní nítorí iyì rẹ̀ ni mo fi ṣe é. Ó ní iyì náà ló wà nílẹ̀ tó ń pariwo láti ìdájí, alángbá nìkan ló dá a lóhùn. Èmi tí wọ́n ń bẹ̀rù ẹnu rẹ̀ ní Marché Central, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ bí ọmọdé.

Ó ní òun á dúró níbí, bí mo bá lè fi èèyàn kún ilé tó wà nílùú, ẹni tó ní ọmọ, tí yóò máa pariwo. Mo ní àjèjì nínú ilé mi, kí ni ará ìlú á sọ?

“Wọ́n á ní èèyàn ti ń gbé e báyìí.”

Mo gbà lẹ́nu. Nínú mi, mo ní ká jẹ́ kí òjò kan rọ̀ ná, á béèrè ẹrù rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Òjò rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ́ọ̀. Gọ́tà kún, omi wọlé, bàtà wa ń lọ kiri yàrá. Mo ti ń ká aṣọ rẹ̀ sínú àpò nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ níta. Ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi Yorùbá bú aládùúgbò mi pé ìdọ̀tí àkàrà rẹ̀ ló dí gọ́tà. Ìyẹn ń fi Faransé dá a lóhùn, ó sì ń fi igi tú gọ́tà náà. Mo rọra tú aṣọ náà padà sórí okùn inú yàrá. Ẹni tó fẹ́ lọ kì í bá ará ilé jà nítorí gọ́tà.